Oògùn Kò Kọ́ Wọn, Ó Kàn Yàn Wọ́n Ni

Ọ̀rọ̀ olú ni mo gbé wá o, kì í ṣe ti inú ọbẹ̀.

Olú kékeré kan wà ní Yúróòpù, Strobilurus tenacellus, tó ń hù lára èso igi páìnì tó já bọ́ sílẹ̀. Ó máa ń tú májèlé jáde kí àwọn fungi yòókù má bàa bá a du oúnjẹ. Ní 1977, Timm Anke àti Wolfgang Steglich ní Jámánì ròyìn májèlé náà. Nígbà tó di 1996, àwọn ilé iṣẹ́ ti ń ta oògùn tí wọ́n ṣe ní àfarawé rẹ̀, àwọn àgbẹ̀ sì ń fọ́n ọn sí àlìkámà. Ó ń dí mitochondria fungi lọ́wọ́, kò sì ní rí agbára lò mọ́.

Ọdún méjì péré! Ní 1998, ní àríwá Jámánì, àìsàn tó máa ń bo ewé àlìkámà bí ẹni da pàúdà sí i kò gbọ́ ti oògùn náà mọ́. Ẹyọ kan ló yí padà: nínú purotéènì kan, ní ipò 143, glycine kúrò, alanine rọ́pò rẹ̀.

Ta ló wá kọ́ ọ? Kò sẹ́nì kankan. Bí bàbá mi bá kórè, àgbàdo tó bá yọmọ dáadáa ni wọ́n máa ń so kọ́ fún irúgbìn. Wọn ò kọ́ àgbàdo bí wọ́n ṣe ń yọmọ. Wọ́n kàn yàn án ni. Bí oògùn ṣe ṣe náà nìyẹn. Ìwọ̀nba fungi tí àṣìkọ kékeré yẹn ti wà lára wọn ni kò kú, àwọn ló sì bímọ kún oko. Olú tó ni májèlé pàápàá, purotéènì tirẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀, ìyẹn ni kò fi pa ara rẹ̀.

Ṣé ẹ rí i, bí oògùn bá kọ̀ nílé wa, "ẹ fi kún un" la máa ń gbọ́. Ẹ̀rù ọ̀rọ̀ yẹn ń bà mí. Fífi kún un kò ran irú fungi yìí. Ohun tó dáa ni ká lo oríṣi oògùn tó ń ṣiṣẹ́ lọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ká sì gbin irúgbìn tí àìsàn kì í tètè mú. Ibà náà ti kọ́ wa lọ́gbọ́n: ní 2005, Nàìjíríà fi oògùn alápapọ̀ rọ́pò chloroquine.

Ẹni tó bá ń lo oògùn kan náà ṣáá, irúgbìn ló ń yàn fún ọ̀tá.