Kọ̀ntéńà Tó Di Ilé Ìkàwé ní Osu

Kí a tó kúrò l'Ékòó, tíṣà ọmọ mi ti kọ̀wé sí mi pé kò lè ka ojú ewé kan já láìsinmi. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni. Ìwé ìtàn kún yàrá rẹ̀, èmi ni mo rà wọ́n. Nígbà tí mo sọ fún un pé a ó dé ilé ìkàwé ní Ghana, ó ní, "Màmá, ṣé nítorí ìwé náà la ṣe ń lọ ọ̀nà jíjìn báyìí?"

A gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá sí Kùtọnú, a gba Lomé, a dé ẹnubodè Aflao, kí a tó wọ Accra. Létí òkun ni àdúgbò Osu wà, níbi tí odi Christiansborg tí àwọn ará Denmark kọ́ ti kọjú sí omi. Oúnjẹ àti ọjà ló ń gbé ọ̀pọ̀ àlejò lọ síbẹ̀. Ìtàn kan ló gbé èmi lọ.

Ní ọdún 1990, Kathy Knowles, obìnrin ará Kánádà tó ń gbé ní Accra, bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé fún àwọn ọmọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ àdúgbò nínú ọgbà ilé rẹ̀. Àwọn ọmọ ń pọ̀ sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ní 1992, kọ̀ntéńà tí wọ́n fi ń kó ẹrù nínú ọkọ̀ òkun di ilé ìkàwé Osu. Nígbà tó yá, òmíràn dé Nima, àdúgbò tí àwọn Yorùbá pẹ̀lú ń gbé. Obìnrin náà tún ṣe àwọn ìwé tó ní fọ́tò àwọn ọmọ Ghana fúnra wọn.

Ẹ̀yin òbí, kì í ṣe kọ̀ntéńà ló kọ́kọ́ fa àwọn ọmọ wọ̀nyẹn. Àgbàlagbà tó jókòó tì wọ́n, tó kàwé sókè, tó sì tún ṣe é lọ́sẹ̀ kejì ni. Bí àwọn ìyá wa ṣe ń pàlọ́ fún wa lálẹ́ náà nìyẹn. Ọmọ tó ń gbọ́ ìtàn lemọ́lemọ́ ń kó ọ̀rọ̀ tuntun jọ, ó ń kọ́ sùúrù, ó sì ń mọ bí nǹkan ṣe ń rí lára ẹlòmíràn. Èmi ra ìwé, n kò jókòó.

Nígbà tí à ń padà bọ̀, mo ṣí ìwé kan nínú bọ́ọ̀sì, mo kà á sí i létí. Ní Lomé, oorun gbé mi. Ó fọwọ́ kàn mí léjìká: "Màmá, ẹ ò tíì parí rẹ̀."

Ní báyìí, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, ogún ìṣẹ́jú ni tiwa. Èmi ka ojú ewé kan, òun ka èyí tó tẹ̀lé e. Ó ṣì ń sinmi láàárín rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń kà á já.