Iwin tí ń ṣiṣẹ́ nígbà tí iná bá dé

Ìgbòho ni Ọ̀yọ́ fi ṣe olú-ìlú ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, lẹ́yìn tí ogun Núpé lé àwọn ọba kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé. Nígbà tí Aláàfin Abípa fẹ́ dá ìjọba padà sí ibùjókòó àtijọ́, àwọn ìjòyè tí kò fẹ́ kúrò ní Ìgbòho ta ọgbọ́n: wọ́n rán abuké, àfín, aràrá àti àwọn mìíràn lọ sí ahoro náà láti máa ṣe bí iwin lóru, kí ẹ̀rù lè ba àwọn ìránṣẹ́ ọba. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, pé ọba rán àwọn ọdẹ lọ, wọ́n sì mú àwọn iwin náà bọ̀. Ènìyàn ni gbogbo wọn, ìjòyè kọ̀ọ̀kan ló sì ni tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe Abípa ní Ọba Mọ́rọ̀.

Ẹni tó bá ń tọ́jú sáfà Linux ní Ìgbòho lónìí yóò nílò irú ọdẹ bẹ́ẹ̀. Léraléra ni gíríìdì iná ọba dà wó ní Nàìjíríà ní ọdún 2024, ti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá sì wà lára wọn. Iná tí ń lọ tí ń bọ̀ láàárín ìlú kò tilẹ̀ sí nínú ìṣirò yẹn. Bí iná bá dé tí ẹ̀rọ sì tàn, iṣẹ́ tí wọ́n dá aago méjì òru fún lè bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́wàá àárọ̀, láìsí ẹni tó pàṣẹ rẹ̀.

Ẹ fojú inú wo ilé ìwòsàn kékeré kan ní ìlú náà. Ní aago méje àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, sáfà rẹ̀ ní láti fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn ìyá pé kí wọ́n gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́la. Iná kò sí títí di ọ̀sán Ọjọ́rú. Bí iná ṣe dé, ẹ̀rọ náà fi iṣẹ́ tó jẹ jíṣẹ́: ẹ wá lọ́la. Ní Ọjọ́bọ̀, ìyá kan pọn ọmọ láti abúlé oko, ó gun ọ̀kadà wọ ìlú, ó sì bá yàrá abẹ́rẹ́ ní títì. Owó ọ̀kadà àlọ àti àbọ̀ ti lọ, ọmọ kò sì gba abẹ́rẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà nìkan.

Cron ni àgbà nínú àwọn ètò tí ń dá àkókò fún iṣẹ́. Láti Bell Labs ní Amẹ́ríkà ló ti wá ní àwọn ọdún 1970, fún kọ̀ǹpútà tí ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Iṣẹ́ tí àkókò rẹ̀ bá kọjá nígbà tí ẹ̀rọ wà ní pípa, cron kò ní padà sí i. Ìlà tí wọ́n bá kọ @reboot sí níwájú nìkan ló máa ń ṣe nítorí pé ẹ̀rọ tàn. Àwọn àbúrò rẹ̀ ni kì í gbàgbé. Anacron ń kọ ọjọ́ tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wáyé kẹ́yìn sínú /var/spool/anacron. Bí ẹ̀rọ bá tàn tó sì rí i pé iṣẹ́ òòjọ́ ti yẹ̀, yóò dúró díẹ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún lórí Debian bí ẹnikẹ́ni kò bá yí i padà, yóò sì ṣe é. Systemd, tó dé ní 2010, ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú bí Persistent=true bá wà nínú fáìlì aago iṣẹ́ náà. Ìlà yẹn wà nínú apt-daily.timer, tí ń wá àtúnṣe tuntun fún Debian àti Ubuntu. Ẹni tó bá rí i pé dátà òun ń gbẹ lẹ́yìn tí iná dé, ibẹ̀ ni kó ti kọ́kọ́ wò.

Iwin kan tún wà tí kò bá aago tan rárá. Ẹni tó ṣètò iṣẹ́ kọ fáìlì méjì, ọ̀kan parí sí .service, èkejì sí .timer. Èkejì nìkan ló yẹ kó fi systemctl enable sí, ṣùgbọ́n ó fi sí méjèèjì, WantedBy=multi-user.target sì wà nínú ti àkọ́kọ́. Láti ìgbà náà, gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ bá tàn ni iṣẹ́ yóò wáyé, àkókò ìbáà tó, kó má tó. Níbi tí iná kì í lọ, ó lè pé ọdún kan kí ẹnikẹ́ni tó fura. Ní Ìgbòho, kò ní pẹ́ tí àṣírí yóò fi tú.

Agogo inú ẹ̀rọ náà lè purọ́. Raspberry Pi tó ṣáájú ẹ̀yà 5 kò ní agogo tí ń rìn nígbà tí iná kò sí. Bó bá tàn, àkókò àná ni yóò máa kà títí íntánẹ́ẹ̀tì yóò fi tọ́ ọ sọ́nà. Agogo á fò síwájú lẹ́ẹ̀kan, àwọn iṣẹ́ tí àkókò wọn wà láàárín lè dìde lójijì. Lórí kọ̀ǹpútà àgbàlagbà, bátìrì pẹlẹbẹ CR2032 tó ti kú ló sábà máa ń fa irú rẹ̀.

Ọdẹ tó fẹ́ mú wọn yóò tẹ systemctl list-timers --all, kó rí ìgbà tí aago kọ̀ọ̀kan dún kẹ́yìn. Yóò tẹ journalctl -b, kó ka ohun tó ṣẹlẹ̀ látìgbà tí ẹ̀rọ tàn. Yóò sì wo crontab oníkálukú àti /etc/cron.d.

Ìmọ̀ràn tó rọrùn jù ni pé kí wọ́n pa Persistent rẹ́ níbi gbogbo. Ìmọ̀ràn ibi tí iná kì í kú nìyẹn. Bí iná kì í bá sí ní aago méjì òru, ẹ̀dà àkọsílẹ̀ aláìsàn tí wọ́n dá sí àkókò yẹn kò ní wáyé láéláé, ọjọ́ tí díìsìkì bá bàjẹ́ ni wọn yóò mọ̀. Owó èsúsú tí ènìyàn kò dá lọ́sẹ̀ tó kọjá, gbèsè ni, yóò san án. Ọjà tó ti tú kò ṣeé ná mọ́. Èsúsú ni ẹ̀dà àkọsílẹ̀: kí Persistent wà níbẹ̀, kí wọ́n kàn fi wákàtí díẹ̀ sún un síwájú, kó má bàa bá èrò tó wà lórí ìlà jà fún ẹ̀rọ. Ọjà ni àtẹ̀jíṣẹ́ àwọn ìyá. Kí ètò náà kọ́kọ́ wo ọjọ́ abẹ́rẹ́. Bó bá ti kọjá, kó má fi ohunkóhun ránṣẹ́, kó kọ orúkọ àwọn tí kò gbọ́ sílẹ̀ kí nọ́ọ̀sì lè pè wọ́n. Nínú àtẹ̀jíṣẹ́ náà gan-an, kí wọ́n yọ “lọ́la” kúrò, kí wọ́n kọ Ọjọ́rú àti déètì rẹ̀ sí i.