Ibi Tí Ìdọ̀tí Ń Lọ: Ìrìn Wa Láti Àpápá dé Ajégúnlẹ̀

Ìṣe gbogbo wa ni pé bí a bá ti gbálẹ̀ ilé tán, tí a kó pàǹtí sí ẹnu ọ̀nà, tí ọkọ̀ akólẹ̀ sì gbé e lọ, a ó gbọn ọwọ́, a ó wí pé, "Ó tán." Láìpẹ́ yìí ni a gbéra láti lọ wò ó bóyá ó tán nítòótọ́.

Àpápá ni a kọ́kọ́ dé. Ìlú ọkọ̀ òkun ni gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n sí. Ọdún 1977 ni a ṣí èbúté Tin Can Island tí ó wà nítòsí ibẹ̀. Nínú ọdún kan náà ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá ìgbìmọ̀ tí ń rí sí ìdọ̀tí sílẹ̀, èyí tí a ń pè ní LAWMA lónìí. Bí ẹrù ti ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí a fi di ẹrù ń pọ̀ sí i. A kíyè sí i pé páálí, pákó àti irin tí ó ti àgbàlá àwọn oníṣòwò jáde kì í pẹ́ nílẹ̀ kí ó tó rí oníbàárà, nítorí wọ́n ti dì í lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ti inú ilé kò rí bẹ́ẹ̀. Àjẹkù ẹ̀bà, ìgò oníke, ìwé àti eérú, inú àpò kan ṣoṣo ni gbogbo wọn wà, ọ̀kan sì ti ba èkejì jẹ́ kí ọkọ̀ tó dé.

Láti ibẹ̀ a kọjá ní Boundary, a sì bọ́ sí Ajégúnlẹ̀. Orúkọ ìlú yìí dùn létí: ibi tí ajé gúnlẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ibẹ̀ há, ilé sì fún mọ́ ilé. Ọkọ̀ ńlá kò lè dé ẹnu ọ̀nà gbogbo ènìyàn. Nítorí náà, ọlọ́mọlanke ni ọ̀pọ̀ ń pè. Wọ́n á san owó díẹ̀ fún un, wọn kì í sì í bèèrè ibi tí ó ń lọ. Olóòótọ́ inú wọn a gbé e dé ibi tí ọkọ̀ ti lè gbà á. Ẹlòmíràn a dà á sínú gọ́tà ní òru. Ìyá àgbà kan tí a bá lẹ́bàá ọ̀nà omi, níbi tí ike àti ọ̀rá ti bo omi mọ́lẹ̀ bí ẹní, wí fún wa pé, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ohun tí a dà nù lọ́jọ́ Ajé, bí òjò bá rọ̀ ní Ọjọ́rú, a tún padà wá kí wa nínú yàrá." A kò rí èsì fọ̀.

Èyí tí ọkọ̀ bá rí gbé ńkọ́? Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú àwọn àkìtàn Èkó ni Olúsosùn, ní Ọjọ́ta, tí a ṣí ní ọdún 1992. Ẹ̀yìn ìlú ni nígbà náà. Ìlú ni ó dàgbà yí i ká, àkìtàn náà sì di òkè. Ohun tí ń jẹrà nísàlẹ̀ irú òkè bẹ́ẹ̀ a máa tú afẹ́fẹ́ tí iná ń tètè ràn mọ́ jáde. Omi dúdú inú rẹ̀ a sì máa wọ inú ilẹ̀ lọ. Ní oṣù Kẹta ọdún 2018, iná ńlá sọ níbẹ̀, èéfín gba àdúgbò, ìjọba sì ti ibẹ̀ pa fún ìgbà kan.

Àwọn bàbá wa pàápàá ní àkìtàn lẹ́yìnkùlé. Ṣùgbọ́n èèpo iṣu, ewé àti eérú ni wọ́n ń dà síbẹ̀. Kò pẹ́ tí yóò fi di ilẹ̀ ọlọ́ràá, tí ẹ̀fọ́ yóò hù lórí rẹ̀. Ike kì í jẹrà bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí ó ju ìgò omi sínú gọ́tà lónìí lè darúgbó kí ìgò náà tó run.

Síbẹ̀, ohun tí ó mú wa láyọ̀ wà ní Ajégúnlẹ̀ kan náà. Ilé-ẹ̀kọ́ kan níbẹ̀, Morit International School, ni òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri ayé ní ọdún 2019. Àwọn òbí tí owó ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀ lọ́rùn ń ṣa ìgò oníke jọ, wọ́n ń kó o wá nínú àpò. A gbé e sórí òṣùwọ̀n, a sì yọ iye rẹ̀ kúrò nínú owó tí wọ́n jẹ. Ẹgbẹ́ African Cleanup Initiative ni ó gbé ètò náà kalẹ̀, pẹ̀lú Wecyclers, ilé-iṣẹ́ tí Bilikiss Adébíyìí-Abíọ́lá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 2012. Àwọn tí ń ra irú ike bẹ́ẹ̀ a máa yà á ní àwọ̀-àwọ̀, wọ́n a fọ̀ ọ́, wọ́n a lọ̀ ọ́ wẹ́wẹ́. Ó sì lè di òwú ìrọ̀rí tàbí ìgò tuntun.

Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́: ìgò kò wúwo, àpò kan kò sì tó san owó sáà kan. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyàtọ̀. Ìgò kan náà ni. Ọ̀kan di ìkún omi nínú yàrá ìyá àgbà, èkejì di ìwé lọ́wọ́ ọmọ. Kí ni ó yà wọ́n? Kì í ṣe ọkọ̀ akólẹ̀, nítorí ọkọ̀ kò lè ya ohun tí a ti pò pọ̀ nílé. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin bàbá, ẹ gbé àpò méjì kalẹ̀: ọ̀kan fún ohun tí ń jẹrà, ọ̀kan fún ike, agolo àti páálí. Ẹ bi ọlọ́mọlanke léèrè ibi tí ó ń lọ kí ẹ tó sanwó fún un. Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé wọ gọ́tà lọ ṣa ìgò. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, ajé yóò gúnlẹ̀ níbi tí ìdọ̀tí ń gúnlẹ̀ sí lónìí.