Ọkọ̀ Tí Ń Fa Ọkọ̀

Orúkọ kan ṣoṣo ni Yorùbá fún ohun tí ń gbé ènìyàn lórí omi àti èyí tí ń gbé e lórí ilẹ̀: ọkọ̀ ni méjèèjì. Ti orí omi ni ẹ̀gbọ́n. Nígbà tí mọ́tò dé, orúkọ ẹ̀gbọ́n ni àbúrò jẹ. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí ìgbà ooru bá ti wọlé, àbúrò ni í máa ń fa ẹ̀gbọ́n lọ sí etí òkun. Ìdílé kan yóò há sínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré, ọkọ̀ ojú omi wọn yóò sì gun tírélà lẹ́yìn wọn. (Tírélà tí à ń wí yìí kì í ṣe ti Àpápá o, férémù irin lásán ni, tí ó ní táyà méjì.)

Ọ̀kan nínú àwọn tí ó sọ àṣà yìí di ti mẹ̀kúnnù ni ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní Mirror. Jack Holt àti Barry Bucknell ni ó ya àwòrán rẹ̀ ní ọdún 1962. Ìwé ìròyìn Daily Mirror ni ó ṣe agbátẹrù rẹ̀. Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, tí a fi wáyà bàbà rán pọ̀ bí ẹni ń rán aṣọ, tí onílé sì lè kàn fúnra rẹ̀. Ó lé ní 70,000 tí wọ́n ti kàn. Ìgbòkun rẹ̀ pupa, ara rẹ̀ kò sì wúwo ju nǹkan bí kílógíráàmù 45 lọ. Ta ni yóò sọ pé mọ́tò kékeré kò lè fa irú èyí?

Ẹ̀tàn ibẹ̀ nìyẹn. Ẹni tí ó bá fa Mirror láìsí wàhálà yóò ra èyí tí ó tóbi díẹ̀ sí i. Yóò fi ẹ́ńjìnnì kọ́ ọ nídìí, yóò gbé epo, ìdákọ̀ró àti àgọ́ sínú rẹ̀. Mọ́tò náà ṣì ń fà á, inú rẹ̀ sì ń dùn. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ: ẹ́ńjìnnì lè fa ohun tí bíréèkì kò lè dá dúró. Nítorí náà ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi sọ pé tírélà tí kò ní bíréèkì tirẹ̀ kò gbọdọ̀ ju kílógíráàmù 750 lọ tòun tẹrù, kò sì gbọdọ̀ ju ìdajì ìwọ̀n mọ́tò tí ń fà á lọ. Èyí tí ó bá kéré nínú méjèèjì ni ó lékè. Mọ́tò tí ó wọn 1,000, 500 ni tirẹ̀.

Bí ẹrù bá sì pọ̀ jù ní ìdí tírélà, imú rẹ̀ yóò fúyẹ́, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí ju ìdí bí ajá tí ń ju ìrù. Ìrù yìí ni yóò wá máa ju ajá. Òjò ìbẹ̀rù a máa mú kí awakọ̀ tẹ bíréèkì gan-an. Kò dára. Kí ó rọra gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná mọ́tò ni, kí ó di sítíárìn mú ṣinṣin, kí ó má yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún.

Etí omi ni ìdánwò tó kù. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni kọnkéré ibẹ̀ wọnú òkun, ìsàlẹ̀ rẹ̀ a sì máa yọ̀ bí ilá. Táyà iwájú ni ẹ́ńjìnnì ń yí nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò kékeré. Bí ọkọ̀ tí ó ti gbomi bá ti tẹ ìdí mọ́tò mọ́lẹ̀, iwájú a fúyẹ́, táyà a máa yí lásán, gbogbo rẹ̀ a sì máa fà sẹ́yìn sọ́dọ̀ omi. Àwọn ọmọ tí ó dúró sẹ́yìn tírélà láti ti ọkọ̀ ni ó wà nínú ewu jù nígbà náà. Awakọ̀ tí ó bá mọ ohun tí ó ń ṣe yóò kọ́kọ́ pè wọ́n kúrò níbẹ̀. Yóò tún so ọkọ̀ mọ́lẹ̀, yóò jókòó tì í, títí omi òkun yóò fi kún, tí táyà iwájú yóò fi lè dúró lórí kọnkéré gbígbẹ.