Owó Ìfẹ̀yìntì Yiayiá

Bí orílẹ̀-èdè kan bá jẹ gbèsè, inú ìwé ìròyìn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń gbọ́ ọ, pẹ̀lú òǹkà tó pọ̀ débi pé kò ní ìtumọ̀ mọ́. Ilé ìdáná ni èmi ti mọ ti ilẹ̀ Gíríìsì. Ọdún 9 ni mo lò ní Áténì, láti 2008 sí 2017, ní àdúgbò Kypseli tí àwa ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí. Iṣẹ́ mi ni títọ́jú ìyá àgbà kan tí orúnkún kò jẹ́ kí wọ́n lè dá gun àtẹ̀gùn mọ́. Yiayiá ni mo ń pè wọ́n, bí àwọn Gíríìkì ṣe ń pe ìyá àgbà. Olùkọ́ ni ọkọ wọn kó tó kú. Àwọn pàápàá ṣiṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́ fún ọgbọ̀n ọdún. Owó ìfẹ̀yìntì wọn ni wọ́n fi ń san owó oṣù mi.

Kí ẹ tó lè mọ ohun tó jẹ owó náà, ẹ jẹ́ kí a padà sẹ́yìn díẹ̀. Ní 2001 ni Gíríìsì wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń ná yúrò. Nígbà tó di 2002, ará ìlú ti ń fi owó dírákímà wọn pààrọ̀ owó tuntun náà, dírákímà 340.75 sí yúrò kan. Ṣáájú ìgbà náà, èlé gọbọi ni ẹni tó bá yá Gíríìsì lówó ń gbà, nítorí ó mọ̀ pé dírákímà lè já wálẹ̀ kí òun tó rí owó òun gbà. Yúrò lé ìbẹ̀rù yẹn lọ. Àwọn báńkì Jámánì àti ti Faransé wá ń yá wọn bí ẹni pé Jámánì gan-an ni wọ́n ń yá. Ìjọba yá, ó tún yá. Wọn kò gba owó orí lọ́wọ́ àwọn olówó bó ṣe yẹ, ìṣirò tí wọ́n sì ń fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ kò péye. Ní oṣù Kẹwàá 2009, ìjọba tuntun ti George Papandreou ṣí ìwé, wọ́n sì bá ihò tó tóbi tó nǹkan bí ìlọ́po méjì èyí tí àwọn tó ṣáájú wọn kéde. Nígbà tí ìṣirò yóò fi parí, àlàfo láàárín owó tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde ti lé ní 15 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí orílẹ̀-èdè náà ń pèsè lọ́dún. Mẹ́ta péré ni òfin ẹgbẹ́ fàyè gbà.

Ní oṣù Kẹrin 2010, Papandreou dúró ní erékùṣù Kastellorizo, ó sì kéde lórí tẹlifíṣọ̀n pé Gíríìsì ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́. Ní oṣù Karùn-ún, wọ́n fọwọ́ sí 110 bílíọ̀nù yúrò. Ẹ̀yáwó ni, kì í ṣe ọ̀fẹ́, èyí tó sì pọ̀ jù nínú rẹ̀ kàn gba Áténì kọjá padà sọ́wọ́ àwọn tí Gíríìsì ti jẹ lówó tẹ́lẹ̀.

Láyé àtijọ́ nílẹ̀ wa, ẹni tí a bá jẹ lówó lè rán ológò lọ sílé onígbèsè. Ológò yóò jókòó síbẹ̀, yóò máa jẹ nínú oúnjẹ ilé, yóò máa yọ gbogbo agbo ilé lẹ́nu, kò sì ní dìde títí owó yóò fi yọ. Ohun tí mo rí nìyẹn nígbà tí Ìgbìmọ̀ Yúróòpù, Báńkì Àpapọ̀ Yúróòpù àti IMF bẹ̀rẹ̀ sí í rán òṣìṣẹ́ wá sí Áténì láti yẹ ìwé wò. Wọ́n dógò ti odindi orílẹ̀-èdè, pẹ̀lú kóòtù àti kọ̀ǹpútà alágbèéká.

Owó Kérésìmesì, ti Àjíǹde àti ti ẹ̀ẹ̀rùn tí Yiayiá máa ń gbà ló kọ́kọ́ dínkù, lẹ́yìn náà ó pòórá. Láàárín 2010 nìkan, owó orí ọjà kúrò ní 19 nínú ọgọ́rùn-ún, ó di 23. Ní 2011, ìjọba so owó orí ilé mọ́ ìwé iná mànàmáná, èyí túmọ̀ sí pé ẹni tí kò bá san án lè wà nínú òkùnkùn. Ọmọ Yiayiá ọkùnrin, ẹnjiníà, pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dún yẹn. Nígbà tó di 2012, ó kó lọ sí Stuttgart. Ọmọ rẹ̀ tó ti jáde ní yunifásítì wá ń gbé pẹ̀lú ìyá àgbà. Owó ìfẹ̀yìntì tó jẹ́ yúrò 1,050 nígbà tí mo dé ti di 690. Òun náà ló wá ń bọ́ ènìyàn mẹ́ta.

Ibi tó ti kàn mí gbọ̀ngbọ̀n ni ti òǹtẹ̀. Ní Gíríìsì nígbà náà, bí àjèjì bá fẹ́ tún ìwé ìgbélùú rẹ̀ ṣe, ó gbọ́dọ̀ ní iye òǹtẹ̀ ìbánigbófò kan tó fi hàn pé ó ṣiṣẹ́ lọ́dún náà. Ẹni tó gbà á síṣẹ́ ló ń sanwó rẹ̀. Bí iṣẹ́ ṣe ń lọ ni òǹtẹ̀ ń lọ, bí òǹtẹ̀ bá sì lọ, ìwé náà lọ nìyẹn. Mo mọ àwọn tó ti lo ọdún 15 ní Áténì tí wọ́n padà di ẹni tí ń sá fún ọlọ́pàá. Giannis Antetokounmpo tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí, tí orúkọ rẹ̀ kì í ṣe nǹkan mìíràn bí kò ṣe Adétòkunbọ̀ tí a fi lẹ́tà Gíríìkì kọ, Áténì ni wọ́n bí i sí ní 1994. 2013 ló tó gba ìwé ọmọ ìlú, ọdún tó lọ sí Amẹ́ríkà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní 2012, Yiayiá gbé agolo bisikíìtì tí wọ́n ń kówó sí wá sórí tábìlì. Wọ́n ka owó náà lẹ́ẹ̀mejì.

“Ọmọbìnrin mi,” ni wọ́n wí, “kò ká méjèèjì mọ́. Èwo ni kí n san, owó oṣù rẹ ni àbí òǹtẹ̀?”

Mo ní kí wọ́n fún mi ní ọjọ́ méjì. Mo pe bàbá mi ní Ìbàdàn. Olùkọ́ ni wọ́n nígbà tí ètò SAP dé ní 1986, tí náírà já, tí owó oṣù wọn kò ra nǹkan kan mọ́. Wọ́n dákẹ́ títí. Wọ́n ní, “Di ìwé rẹ mú. Ẹni tó níwèé ṣì lè wá owó. Kí lo máa jẹ?” Mo ní ìyá náà kò ní jẹ́ kí ebi pa mí. Wọ́n ní, “Ó dáa. Bá mi kí wọn.” Láti oṣù náà lọ, yúrò 300 ni mo ń gbà, òǹtẹ̀ mi pé, mo ń sùn ní yàrá kékeré ẹ̀yìn ilé ìdáná, mo sì ń dirun ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n kan ní ìrọ̀lẹ́.

Bàbá mi béèrè ìbéèrè kan lọ́jọ́ yẹn tí mo ṣì ń rò: kí ló dé tí wọn kò já owó wọn wálẹ̀, bí tiwa? Nígbà tí náírà bá já, ìyà jẹ gbogbo wa lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n ọjà wa di ọ̀pọ̀ lójú ará òkèèrè, gbèsè tí ìjọba bá sì jẹ ní náírà a fúyẹ́. Gíríìsì kò ní owó tirẹ̀ tí yóò já. Frankfurt ni wọ́n ti ń darí yúrò. Nítorí pé owó kò ṣeé já, ènìyàn ni wọ́n já: ní 2012, wọ́n gé owó oṣù tó kéré jù lọ láti yúrò 751 sí 586, ti àwọn tí kò tí ì pé ọdún 25 sì já ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ará wa ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ mọ irú okùn yìí. Sẹ́fà tí wọ́n ń ná, yúrò ni wọ́n so ó mọ́. Ní oṣù Kìíní 1994, nígbà tó jẹ́ owó Faransé ni wọ́n ṣì so ó mọ́, wọ́n gé iye rẹ̀ sí ìdajì ní ọjọ́ kan ṣoṣo.

Gbèsè ń kọ́? Ní 2009, bí a bá pe ohun tí Gíríìsì ń pèsè lọ́dún ní 100, gbèsè rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 127. Ní 2014, ó ti di nǹkan bíi 180, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn báńkì aládàáni gbà ní 2012 láti pàdánù ju ìdajì ohun tí wọ́n jẹ wọ́n. Ọrọ̀ ajé ló súnkì lábẹ́ rẹ̀, ó fi nǹkan bí ìdá mẹ́rin dínkù. Ní 2013, tí ẹni 27 nínú ọgọ́rùn-ún kò níṣẹ́, IMF fúnra wọn kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn fojú kéré ìpalára ètò ìṣọ́wóná náà. Mo ka ìròyìn náà fún Yiayiá. Wọ́n ní kí n bá àwọn bu omi sí ẹ̀wà.

Òtútù ọdún 2012 wọ 2013 ni mo rántí jù. Owó orí epo tí wọ́n fi ń mú ilé gbóná ti lọ sókè, àwọn ayálégbé ilé wa sì ṣèpàdé, wọ́n ní àwọn kò lè dáwó ra epo. Gbogbo Áténì ń dáná igi. Ní alẹ́, èéfín a bo ìlú, a máa rùn bí abúlé ìyá ìyá mi. Aṣọ òtútù méjì ni Yiayiá ń wọ̀ sùn. Àwọn apoògùn náà ń béèrè owó lọ́wọ́ nígbà náà, nítorí owó ìbánigbófò tí wọ́n ń retí kò wọlé. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ni a máa ń kọ́kọ́ rà lójọ́ tí owó bá dé.

Ní òpin oṣù Kẹfà 2015, ìjọba Alexis Tsipras ti àwọn báńkì pa. Yúrò 60 ni ènìyàn lè gbà lójúmọ́ níbi ẹ̀rọ ATM. Yiayiá kò ní káàdì rárá. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje, wọ́n ṣí àwọn ẹ̀ka kan fún àwọn arúgbó bẹ́ẹ̀, yúrò 120 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Mo gbé àga láti ilé. Wákàtí mẹ́rin ni a lò lórí ìlà. Bí ìlà bá sún, n ó gbé wọn dìde, n ó gbé àga síwájú, wọn a tún jókòó. Àwọn ọkùnrin àgbà ń sunkún níbẹ̀ ní gbangba, n kò rí irú rẹ̀ rí. Yiayiá kò sunkún. Wọ́n to irun wọn kí a tó kúrò nílé.

Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù náà, ará ìlú dìbò. Ju 61 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní àwọn kò gba ohun tí àwọn ológò ń béèrè. Lọ́sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, Tsipras gba ẹ̀yáwó kẹta, pẹ̀lú ìṣọ́wóná tuntun. Ọmọ-ọmọ Yiayiá fọ́ ife mọ́ ògiri. Yiayiá ní kí ó gbá a.

Wọ́n kú ní oṣù Kejì 2017, lójú oorun. Ọmọ wọn wá láti Stuttgart, ó sin wọ́n, ó sì ta ilé náà fún àjèjì kan tó fẹ́ máa fi gba àwọn arìnrìn-àjò afẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà tẹ̀ lé e lọ sí Jámánì. Mo kó agolo bisikíìtì náà fún un lójú gbogbo wọn, yúrò 85 ló wà nínú rẹ̀. Ó ka á, ó bi mí pé òǹtẹ̀ mélòó ló kù kí ọdún mi tó pé. Mo ní ti oṣù méjì. Ó lọ san án ní ọjọ́ kejì, kí ó tó wọ ọkọ̀ òfurufú.