Ohun Tí Ojú Mi Rí Lọ́dọ̀ Adójútòfò ní Koumassi

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Kí n tó di oníṣòwò, olùkọ́ ni mí, mo sì ti kọ òwe yìí sára pátákó fún àwọn ọmọ ilé-ìwé lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ogun tí mo ti gbọ́ tẹ́lẹ̀ ká mi mọ́ ojú títì Koumassi ni mo tó mọ̀ pé ẹni tí ń fi òwe kọ́ ẹlòmíràn lè má tíì fi kọ́ ara rẹ̀. Ìtàn náà kò bu iyì kún mi, síbẹ̀ mo rò pé ó yẹ kí ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi gbọ́ ọ.

Ọmọ Èjìgbò ni mí. Ẹni tí ó bá mọ Èjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kò ní bi mí léèrè ohun tí mo wá dé Abidjan. Láti ayé àwọn bàbá wa ni àwọn ará ìlú wa ti ń ṣòwò ní Côte d'Ivoire, tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn fi lè gbọ́ èdè Faransé lọ́jà Èjìgbò, tí ọkọ̀ sì ń gbéra níbẹ̀ tí í la Benin, Togo àti Ghana kọjá kí ó tó dé Abidjan. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni ó gbà mí sílé ní Koumassi Remblais. Erékùṣù kan náà ni Koumassi, Marcory àti Treichville wà. Ní ti Remblais, èdè Faransé ni, yẹ̀pẹ̀ tí a dà sí ilẹ̀ kòtò kí ó lè ga ni ìtumọ̀ rẹ̀. Bí òjò oṣù kẹfà bá sì dé, omi a máa padà wá wo ibi tí ó ń gbé rí.

Nígbà tí ọwọ́ mi fẹ̀ díẹ̀, mo ra ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan tí ń kó ọjà láti Adjamé àti Treichville. Òfin ibẹ̀ kò gbà kí ọkọ̀ kankan rìn láìní adójútòfò. Òfin náà kì í ṣe ti Côte d'Ivoire nìkan. Ní ọjọ́ 10 oṣù keje ọdún 1992 ni àwọn orílẹ̀-èdè kan tọwọ́ bọ ìwé ní Yaoundé pé òfin kan náà ni àwọn yóò máa lò lórí adójútòfò, òfin náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1995. Benin àti Togo wà nínú wọn. Èyí tí ó kéré jù nínú adójútòfò ọkọ̀ ni ti ẹni kẹta: bí ọkọ̀ rẹ bá ṣe ẹlòmíràn léṣe, ilé-iṣẹ́ náà ni yóò sanwó fún un, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ tìrẹ bá fọ́, ìwọ ni yóò tún un ṣe.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi sọ fún mi pé, “Tíṣà, èsúsú ni. Òyìnbó ló fún un lórúkọ mìíràn.” Ọ̀rọ̀ àgbà ni, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Nínú èsúsú, bó pẹ́ bó yá, owó olúkúlùkù yóò padà sọ́wọ́ rẹ̀. Nínú adójútòfò, ẹni tí ewu kò bá bá kò ní gba kọ́bọ̀, àìrí ewu náà sì ni èrè rẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti ilé-iṣẹ́ adójútòfò kan, tí n kò ní dárúkọ, ni ó kọ́kọ́ tọ̀ mí wá. Ẹnu rẹ̀ dùn. “Tonton” ni ó ń pè mí, bí àwọn ọmọ Abidjan ti ń pe àgbàlagbà ọkùnrin. Ó máa ń jókòó ní ìsọ̀ mi, á mu omi, á gba owó díẹ̀díẹ̀, á sì mú ìwé wá kí n tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ìwé náà pọ̀, lẹ́tà rẹ̀ sì kéré bí ẹyin èèrà. Mo gbọ́ Faransé, mo sì lè kà á, ṣùgbọ́n n kò kà á. Èmi tí mo ti fìyà jẹ ọmọ ọlọ́mọ rí nítorí pé kò ka ìbéèrè dáadáa kí ó tó dáhùn!

Bí mo bá ti kà á ni, n bá ti rí i pé nǹkan ti yí padà. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 2011 ni òfin ti sọ pé kò sí àwìn mọ́: bí owó kò bá wọlé, adójútòfò kò bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2014, ìwé mi yóò kásẹ̀ nílẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì kan. Mo sọ fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni owó yóò dé. Ó ní, “Tonton, ẹ fọkàn balẹ̀, ọwọ́ mi ni ó wà.” Mo fọkàn balẹ̀ lóòótọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, bí awakọ̀ mi ti ń yà nítòsí Grand Carrefour, ó kọlu obìnrin kan tí ń ta attiéké, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí tolówó tòtòṣì ń jẹ ní Abidjan. Ẹsẹ̀ obìnrin náà ṣẹ́, ọjà rẹ̀ sì dà sílẹ̀.

Mo sáré lọ sí ilé-iṣẹ́ náà. Ọ̀gá wọn ṣí ìwé, ó fi ọjọ́ Ẹtì hàn mí, ó sì ní kò sí ohun tí àwọn lè ṣe. Ọ̀dọ́mọkùnrin mi kò gbójú sókè. Ó ní òun kò rántí pé òun ṣe ìlérí kankan. Mo bínú, mo pariwo, mo pè é ní òpùrọ́. Nígbà tí mo délé tí mo ro ejọ́ náà fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ó wò mí títí, ó ní, “Tíṣà, o ka ìwé fún ọmọ ọlọ́mọ, o kò ka tìrẹ.” N kò rí èsì fọ̀.

Mo lọ kí obìnrin náà ní ilé ìwòsàn. Tantie ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Kò bú mi, kò sì bi mí nípa adójútòfò. Ohun tí ó bi mí ni pé, “Ta ni yóò máa bá mi ta ọjà?” Kí n tó lè dáhùn, ọmọ rẹ̀ obìnrin wọlé, ó ru igbá lórí. Ọmọ ọdún méjìlá ni. Aṣọ ilé-ìwé ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lọ sí ilé-ìwé mọ́. Òun ni ó ti di ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ mọ bí ọkàn mi ti rí nígbà náà. Mo ta ọkọ̀ akẹ́rù náà. Ẹgbẹ́ ọmọ Èjìgbò dá owó lé e, a sì fi tọ́jú ẹsẹ̀ Tantie, a fún un ní owó ọjà. Ọmọ náà padà sẹ́nu ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n odidi sáà kan ti lọ, n kò sì lè rà á padà fún un. Ìgbà náà ni mo mọ ìtumọ̀ “ẹni kẹta”. Èmi àti ilé-iṣẹ́ ni a jókòó tọwọ́ bọ̀wé. Tantie kò sí níbẹ̀, kò tilẹ̀ mọ̀ wá. Síbẹ̀, nítorí rẹ̀ ni òfin ṣe fi dandan lé e. Mo ti rò pé aṣọ ìbora tèmi ni mo ń rà.

Ní ọdún 2016 mo tún ra ọkọ̀. Obìnrin kan ní ọ́fíìsì kékeré kan ní Remblais níbẹ̀ ni mo tọ̀ lọ. Kò pè mí ní Tonton. Ohun tí ìwé náà kò ní san ni ó kọ́kọ́ kà fún mi, kí ó tó ka èyí tí yóò san. Ó ní bí ewu bá ṣẹlẹ̀, òfin fún mi ní ó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ 5 láti fi tó wọn létí, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ olè ni, ó lè jẹ́ wákàtí 48 péré. Ó ní n kò gbọdọ̀ sanwó láìgba rìsíìtì. Nígbà tí mo sọ pé ọkọ̀ náà lè dé Èjìgbò, ó ṣàlàyé káàdì aláwọ̀ ilẹ̀ tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí ní Cotonou ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 1982, tí í dúró fún ẹni tí ọkọ̀ wa bá ṣe léṣe ní ìlú òkèèrè. Ọdún kejì, ọkọ̀ mi kọlu alùpùpù kan. Mo fi tó wọn létí lọ́jọ́ kejì. Kò yá bí mo ti fẹ́. Mo lọ, mo bọ̀, a wá ìwé kan tì. Ṣùgbọ́n wọ́n sanwó fún ọmọkùnrin náà.

Bí ó ti rí níbẹ̀ ni ó rí nílé. Ní Nàìjíríà, òfin ọdún 2003 ti sọ pé bí owó kò bá wọlé, adójútòfò kò sí; láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2023 sì ni owó ti ẹni kẹta fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ti kúrò ní 5,000 náírà, tí ó di 15,000. Púpọ̀ nínú wa ń san án nítorí ọlọ́pàá, a kì í sì í ka ohun tí a rà.

Nítorí náà, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan. Bí ẹ bá ń wá àyọkà tí àwọn ọmọ yóò kà kí wọ́n sì dáhùn ìbéèrè lórí rẹ̀, ẹ mú ìwé adójútòfò ọkọ̀ yín lọ sí kíláàsì. Ẹ bi wọ́n pé: Ọjọ́ wo ni ó bẹ̀rẹ̀? Ọjọ́ wo ni ó parí? Ta ni yóò gba owó? Kí ni kò ní san? Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ìlérí ẹnu lásán ni itọ́ tí mo fi mọ tèmi. Kí ọmọ ọlọ́mọ má ṣe ru igbá nítorí ìwé tí a kò kà.