Iyanrìn Kànga Ẹ̀gùá

Ní Abẹ́òkúta tí mo ti gbéra, àpáta ni ilẹ̀. Ọkọ̀ wa kọjá Ayétòrò, àpáta bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n. Nígbà tí a fi máa dé Ẹ̀gùá, ilẹ̀ pupa àti oko gbágùúdá ni mo ń rí.

Bàbá kan tó ń gbẹ́ kànga pè mí wá wo ohun tí wọ́n ń fà sókè. "Yangí la ó kọ́kọ́ bá, ó di amọ̀, ó di iyanrìn. A kì í kan àpáta níbí."

Mo bu ìkúnwọ́ kan sínú igbá, mo da omi sí i, mo ń mì ín títí iyanrìn funfun fi ṣàn lọ. Iyanrìn dúdú díẹ̀ ṣẹ́ kù ní ìdí igbá. Ohun tí mo torí ẹ̀ wá nìyẹn.

Inú irú iyanrìn wíwúwo bẹ́ẹ̀ ni zircon, ẹyọ òkúta wínníwínní kan, máa ń fara pamọ́ sí. Ó le débi pé odò lè yí i láti àpáta dé òkun kó má fọ́. Nígbà tó ń dì nínú àpáta yíyọ́, ó ń gba uranium sára, àmọ́ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má gba òjé rárá. Uranium 238 ibẹ̀ á wá máa di òjé díẹ̀díẹ̀, ìdajì rẹ̀ láàárín bílíọ̀nù 4.47 ọdún. Ẹ wọn òjé, ẹ wọn uranium tó kù, ọjọ́ orí ẹyọ iyanrìn yọ. Ní Jack Hills, Australia, inú òkúta tí iyanrìn àtijọ́ dì ni wọ́n ti rí zircon tó tó bílíọ̀nù 4.4 ọdún, kò sẹ́ni tó rí àpáta tó bí i mọ́. Èyí ń wú mi lórí gan-an: ìyá ti lọ, ọmọ ṣì ń jẹ́rìí.

Mo sọ fún Bàbá pé irú iyanrìn agbègbè Yewa yìí, tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ fi ìlú Ìlaró sọ lórúkọ, omi ló gbé e wá. Àwọn àpáta òkè lọ́hùn-ún, níbi tó ti ṣeé ṣe kó wá, kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn: granite tó tó mílíọ̀nù 600 ọdún wà, àmọ́ N. K. Grant kéde ní 1970 pé gneiss Ìbàdàn tó bílíọ̀nù 2.2. Amọ̀ kànga náà ní ẹ̀rí tirẹ̀: èròjà neodymium inú rẹ̀ lè sọ ìgbà tí ohun tó di àpáta kọ́kọ́ jáde láti ìsàlẹ̀ ayé, bó tilẹ̀ ti yọ́, tó sì tún dì lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta.

"Kétu ni àwọn baba tiwa ti wá," Bàbá ní. "Iyanrìn náà tún jẹ́ àjòjì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Ó tẹjú mọ́ ìdí igbá. "Bí o bá mọ ìlú rẹ̀, padà wá sọ fún mi."

Mo da iyanrìn dúdú náà sínú ọ̀rá, mo dì í lẹ́ẹ̀mejì.